Fọ́tò Tí Mo Yà Nígbà Tí Mo Kẹ̀yìn sí Màlúù

Nígbà tí orókún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Gàmbàrí dé Ṣàngó nínú Ìlọrin wa yìí kí n má mí gúlegúle… ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin méjèèjì. Múfú, gbé fóònù yẹn sórí ẹní níbẹ̀. Má nà án sí mi lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ fún mi lẹ́kọ mu. Ṣé ó ń gbọ́ mi? Ó ń gbọ́. Ó dáa.

Ibi eré màlúù lẹ ti ń bọ̀ yìí, eruku ṣì wà nírun yín. Ràṣídà ti fi gbogbo ohun tó yà hàn mí. Màlúù, màlúù, màlúù! Ìwo màlúù, ìdí màlúù, ìrù màlúù! Mo ní, àwọn èèyàn dà? Ó ní, "Màmá àgbà, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn." Ẹ gbọ́! Lẹ́yìn! Láyé tiwa, èèyàn ló ń wà níwájú, màlúù ló ń wà lẹ́yìn. Ta ló máa ra fọ́tò màlúù lọ́wọ́ rẹ? Ṣé màlúù á wá kan ilẹ̀kùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá tèmi níbẹ̀"?

Ẹ̀gbọ́n mi Jímọ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò. Ọmọ ìyá mi ni, Ọlọ́run dárí jì í, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Sàfúrá, lọ́jọ́ eré màlúù, kẹ̀yìn sí màlúù. Èrò ni kó o dojú kọ. Ohun tí màlúù bá ṣe, ojú èrò á sọ fún ẹ." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Fotógíráfà á dúró létí pápá, á kẹ̀yìn sí gbogbo wàhálà yẹn, á máa ya ojú àwọn tó ń wòran. Tí ọjọ́ bíi mélòó kan bá kọjá, á kó fọ́tò sínú páálí, á máa gbé e kiri láti agboolé dé agboolé. "Ta ló mọ ojú yìí? Ta ló ni fìlà yìí?" Àwọn ọmọdé á ti ké: "Bàbá wa nìyẹn! Ẹ wo bí wọ́n ṣe lanu!" Ilé á dàrú. Ẹni tó ní òun ò lọ síbi eré, fọ́tò á ní ó lọ. Ẹ̀rín ni títí.

Ṣé ẹ rí eré yẹn, ti àwọn alápatà ni. Nígbà ọyẹ́, tí ọkà bàbà bá ti wọlé, wọ́n á wá akọ màlúù tó le jù, wọ́n á mú un wá sí pápá tó wà lẹ́yìn agboolé wọn. Wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àgbà alápatà kan á di okùn náà mú. Àwọn ọ̀dọ́ á wá máa sá níwájú màlúù, wọ́n á máa fi aṣọ yọ ọ́ lẹ́nu, títí ẹni tó láyà jù nínú wọn á fi di ìwo rẹ̀ mú. Tó o bá di ìwo mú tó ò ṣubú, o ti dọkùnrin. Tó o bá ṣubú, wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọyẹ́ mìíràn á fi dé. Ti òní tẹ́ ẹ lọ wò yìí, wọ́n ní ọlọ́pàá wà níbẹ̀, wọ́n ní irin ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí pápá ká. Ọgbà! Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ rẹ ni ọgbà rẹ.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, Ràṣídà. Àwọn ọmọge àti àwọn tó ń kiri wàrà wà láàárín èrò. Àmọ́ àwọn ẹlẹ́hàá… ẹ̀há kì í ṣe eré nígbà yẹn o. Ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ obìnrin, tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, kò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò fẹ́ wo eré màlúù? Ẹ sọ fún mi! Ògiri amọ̀ kan wà létí pápá, ó ga dé ọrùn èèyàn. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni wọ́n máa ń pé jọ sí. Wọ́n á gun àpótí, wọ́n á gun odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n á fi ìbòjú bo gbogbo orí, ẹyinjú nìkan ni wàá máa rí. Fotógíráfà kankan kì í dé ìhà ibẹ̀. Jímọ̀ fúnra rẹ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá fẹ́ kọjá, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá mi, Àáfà ni wọ́n. Ọmọ kéwú kún inú ilé wa, àárọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Bàbá ò fẹ́ràn iṣẹ́ tí mò ń bá Jímọ̀ ṣe yìí rárá. Wọ́n á ní, "Sàfúrá, kí ló kan ọmọ obìnrin pẹ̀lú ojú olójú?" Àmọ́ mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, wọlaì, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá ń gúnyán, òun ni mò ń rò. Kí èèyàn ki pépà funfun báláú bọ inú omi, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ojú èèyàn wá máa yọ jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀… imú á yọ, ojú á yọ, lẹ́yìn náà á máa wò ẹ́. Ẹ̀yin ẹ kàn máa ń fi ìka tẹ fóònù ni. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Bàbá ti pè mí. Wọ́n ní, "Tí ọyẹ́ yìí bá kọjá, o ò lọ Ṣàngó mọ́. O ti dàgbà. Jókòó ti ìyá rẹ." Ó parí nìyẹn. Mo sunkún títí. Ìyá mi kàn ń wò mí ni. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àní tí ewúrẹ́ bá ń jẹ ọkà wọn, wọ́n á kàn dìde ni, wọ́n á lọ lé e.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Eré màlúù ku ọ̀la, Jímọ̀ já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ lọ́nà Ṣàngó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù. Kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Owó ọjọ́ eré màlúù sì ni ṣọ́ọ̀bù fi ń jẹun títí òjò á fi rọ̀. Ó bá ní kí wọ́n bá òun bẹ Bàbá, kí wọ́n jẹ́ kí Sàfúrá gbé kámẹ́rà lọ. Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìhà ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wàá dúró sí. O ò gbọdọ̀ wọ àárín ọkùnrin. Tí n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ, o ò ní fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́ láyé rẹ. Tí n ò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ." Ẹ gbọ́, a ó tún un sọ! Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ò tíì tì tán. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo ń nu kámẹ́rà, mo ń nu ún, Jímọ̀ ní, "Sàfúrá, wàá bó o láwọ."

Ọjọ́ kejì mo dé ibẹ̀. Háà, èrò! Àwọn tó wà lórí igi, àwọn tó wà lórí òrùlé páànù, àwọn tó gbé ọmọ sọ́rùn. Eruku ọyẹ́ gba ojú sánmọ̀. Àwọn ọmọ alápatà ń fò sókè, wọ́n ti da òróró sára. Wọ́n mú màlúù náà jáde, dúdú kirimù, èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn yìí lọ. Gbogbo pápá ké "Héééè!" Èmi náà fẹ́ wò ó, ẹ má parọ́ fún mi, ta ni kò ní fẹ́ wò ó? Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ Jímọ̀. Mo kẹ̀yìn sí i. Mo lọ dúró láàárín pápá àti ògiri amọ̀, mo dojú kọ àwọn ẹlẹ́hàá.

Ariwo ta lẹ́yìn ògiri. "Ta nìyẹn? Ọkùnrin ni? Ẹ bojú o!" Ẹnìkan ní, "Sàfúrá ni, ọmọ Àáfà!" "Sàfúrá ọmọ Àáfà ló gbé kámẹ́rà?" "Òun ni!" "Sùbúhànálláhì! Ó máa ya àwa náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin náà. Ẹ ò rí i, inú wọn dùn kọjá sísọ. Kò sí ẹni tó ti ya wọ́n lọ́jọ́ eré rí. Àmọ́ kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún fa ìbòjú wálẹ̀ sí i! Wọ́n dúró gbagidi bí òpó. Mo tẹ kámẹ́rà, mo tún tẹ̀ ẹ́, aṣọ ni mò ń yà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?" Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, Ìyá Hàwáù, àwọn ló dàgbà jù nínú wọn. Wọ́n ní, "Ọlọ́run mọ̀ mí. Yà á."

Fíìmù ìgbà yẹn, méjìlá péré ló ń gbà. Kì í ṣe bíi tiyín tẹ́ ẹ máa ń ya ọbẹ̀, ẹ máa ń ya bàtà, ẹ máa ń ya oúnjẹ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Mo yà, mo yà, ó ku ẹyọ kan. Inú ń bí mi. Mo ń rò ó pé, ṣé ohun tí n máa gbé lọ bá Jímọ̀ nìyí, àpò aṣọ? Ṣé èyí ni Bàbá máa rí tí wọ́n á fi ní kí n máa ṣiṣẹ́ lọ?

Kámẹ́rà yẹn, láti òkè ni wọ́n ń wò ó. O máa tẹrí ba ni, wàá wo gíláàsì kékeré tó wà lórí rẹ̀, o ò ní rí nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo tẹrí ba. Mo ń wo inú gíláàsì. Lójijì ni mo rí i tí gbogbo ìbòjú já bọ́! Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n lanu, ojú wọn là kedere. Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́ ohun tí èmi òmùgọ̀ rò. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ tèmi! Mo ní, áà, àwọn ìyá mi ti ṣe tán. Mo pariwo pé, "Ẹ ṣeun! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mira!" Mo bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀! Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Okùn ló já, màlúù ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ohùn kan ló jẹ́ kí n mọ̀. Láàárín gbogbo igbe yẹn, mo gbọ́ "Sàfúrá! Sàfúráááà!" Mo ní ta ló ní ohùn yìí? Mi ò gbọ́ ọ rí. Ìyá mi ni. Ìyá mi tí kì í pariwo, àwọn ló ń ké bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ògiri. Mo gbọ́ ìró pátákò lẹ́yìn, gìdìgìdì, gìdìgìdì. Kí n sá ló yẹ kí n ṣe, àbí? Mi ò sá. Mo dojú bolẹ̀ lé kámẹ́rà lórí. Kámẹ́rà Jímọ̀ ni mò ń rò, kì í ṣe ẹ̀yìn mi.

Ọmọ alápatà kan báyìí, Yínúsà lorúkọ rẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé màlúù yẹn láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní ó fò ni. Ó di ìwo rẹ̀ mú, ó fi gbogbo ara fà á sí ọ̀tún. Màlúù yí, òun náà yí, eruku bò wá. Ẹsẹ̀ màlúù yẹn balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi gbì! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé, wọ́n rọ́ mọ́ màlúù náà. Yínúsà dìde, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé yìí ni pé, "Ọmọ Àáfà, ṣé o yà mí?" Mo ní rárá, mo kẹ̀yìn sí ẹ. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ọjọ́ tí mo di ìwo mú, kò sí fọ́tò!"

Múfú, kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? O ti mọ̀ ọ́n? Òun náà ni. Bàbá àgbà yín ni. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Mo gba Ṣàngó lọ tààrà. Mo ti ara mi mọ́ yàrá tí a ti ń fọ fọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ki pépà bọ omi. Àwọn ti aṣọ kọ́kọ́ yọ, aṣọ, aṣọ, aṣọ. Ó wá kan èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀… mi ò ní sọ fún yín bó ṣe rí. Ẹ sáà mọ̀ pé mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, títí dòní mi ò tíì rí irú rẹ̀. Èyí tó wà lára ògiri ní ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kò sí ọ̀kan tó tó o. Inú mi dùn débi pé mo ń fò níbẹ̀, nínú òkùnkùn, èmi nìkan.

Ìgbà tí mo fò tán ni àyà mi wá já. Àwọn ẹlẹ́hàá Gàmbàrí ni, gbogbo wọn, lórí òfo! Ojú wọn gbangba! Ọ̀rọ̀ ìtìjú kan ṣoṣo, Bàbá ti wí. Tí n bá fi hàn, mo gbé. Tí n bá sì fà á ya, iṣẹ́ tó dáa jù tí ọwọ́ mi ṣe láyé nìyẹn, kí ni mo wá fi hàn pé mo mọ iṣẹ́?

Jímọ̀ ti tiro dé, ó ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn. "Sàfúrá! Ó dáa? Ṣí i kí n wò ó!" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ ò lè rí i." "Kí ni? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Kámẹ́rà mi?" Mo ní àwọn obìnrin ni, ìbòjú wọn já bọ́. Ó ní, "Ìyá wa wà níbẹ̀?" Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. "Ṣé ìyá mi kọ́ ni? Ṣé mi ò lè wo ojú ìyá mi?" Mo ní, "Ẹ lè wo ìyá yín. Ìyàwó àwọn ọ̀rẹ́ yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn." Ó bínú! Ó ní òun á gbé e sí ojú gíláàsì níta, gbogbo Ìlọrin á wá máa wò ó, àwọn fotógíráfà tó kù á kó ẹrù wọn lọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo fi fọ́tò náà àti fíìmù rẹ̀ sábẹ́ aṣọ mi, mo ṣílẹ̀kùn, mo bẹ́ sá kọjá lára rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kan, báwo ló ṣe fẹ́ lé mi?

Ọ̀dọ̀ àwọn olójú ni mo gbé ojú wọn lọ. Inú ilé lọ́hùn-ún, níbi tí ọkùnrin kì í dé. Mo gbé e sílẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Ìyá Hàwáù mú un, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n ní, "Ta ni arúgbó yìí, tí eyín rẹ̀ ti ká tó báyìí?" Àwọn tó kù ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni!" "Èmi?" Ìyá Hàwáù ò rí fọ́tò ara wọn rí láyé. Wọ́n tún un wò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Ilé bá dàrú. Wọ́n ń nà án síra wọn, wọ́n ń já a gbà, wọ́n ń dùbúlẹ̀, omi ń dà lójú wọn. "Wo ìwọ! Wo bó o ṣe dà!" Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wo ojú tiwọn nínú rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì jù ú sílẹ̀.

Gbogbo wọn ní àwọn ń fẹ́ tiwọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ìyá Hàwáù wá ní, "Sàfúrá, ojú wa wà lọ́wọ́ rẹ. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ rí i." Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ní, "Tí a bá kú ńkọ́?" Mo ní, "Ìyá, tí ẹ bá kú náà."

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ní Gàmbàrí! Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin agboolé ti gbọ́. Wọ́n wọ́ wá bá Bàbá. "Àáfà, ọmọ yín ti ya ìyàwó wa lórí òfo! Ó ń gbé e kiri!" Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. Bàbá ní, "Fọ́tò yẹn wà?" Mo ní ó wà, Bàbá. "Mú un wá kí n rí i."

Háà, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá mi o! Kò sẹ́ni tó ń já ọ̀rọ̀ Bàbá mi kulẹ̀ nínú ilé yẹn. Tí n bá mú un wá, ojú obìnrin ẹlòmíràn ni n máa gbé síwájú wọn. Tí n ò bá mú un wá, mo ti di aláìgbọràn lójú gbogbo èèyàn, kámẹ́rà ti lọ. Ọ̀nà méjèèjì, ó ti dí. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ foríjì mí, Bàbá. Mi ò lè fi hàn yín. Ìyàwó yín nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin yẹn pariwo. "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ohun tó sọ sí bàbá rẹ̀!" Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Bàbá bi mí pé, "Jímọ̀ ti rí i?" Mo ní rárá. "Ó bèèrè?" Mo ní ó bèèrè, ó tiẹ̀ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn. "Ọkùnrin mìíràn?" Mo ní kò sí, mo fi Ọlọ́run búra. Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà wọn. Wọ́n wá yíjú sí àwọn ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní, "Èmi tí mo bí i, ó ní òun ò lè fi hàn mí. Ta nínú yín ló wá rò pé ó máa fi hàn òun? Ẹ máa lọ sílé. Ìyàwó yín wà lábẹ́ ààbò." Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ.

Ó wá ku èmi àti Bàbá. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá ní, "Dìde." Mo dìde. Wọ́n ní, "Mo ti ń bi ara mi pé ta la lè gbé ojú olójú lé lọ́wọ́. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n pe àwọn ọmọ kéwú, wọ́n ń kọ́ wọn lọ. Èmi? Mo sáré dé Ṣàngó, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di fotógíráfà àwọn obìnrin. Ìsọmọlórúkọ, ìyàwó, ọmọ tó parí kéwú, wọ́n á ní ẹ lọ pe Sàfúrá. Inú ilé tí ọkùnrin ò lè dé, èmi ń dé ibẹ̀. Àwọn ará Òmù-Àrán tó ń ṣe tíṣà ní GRA náà ń ránṣẹ́ sí mi, àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́hàá rárá. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ mi mọ́.

Bàbá àgbà yín bẹ̀ mí títí o. Ẹni tó gba ẹ̀mí mi là! Wọ́n fẹ́ mi, mo bímọ fún wọn, a jọ dàgbà. Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á ní, "Sàfúrá, fọ́tò yẹn ńkọ́? Jẹ́ kí n kàn yọjú wò ó, ṣebí torí rẹ̀ ni eyín mi ṣe kán." Mo ní rárá. Wọ́n á rojọ́, wọ́n á bínú, wọ́n á kọ oúnjẹ, tó bá yá wọ́n á jẹun. Ìgbà tí àìsàn ìkẹyìn dé bá wọn, wọn ò bèèrè mọ́. Èmi ni mo wá bi wọ́n pé ṣé inú ń bí wọn. Wọ́n ní, "Tó o bá fi hàn mí ni inú ì bá bí mi." Mo sunkún níjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo ti ìsinsìnyí. Múfú, fídíò tó o gbé síta láti àárọ̀, tó o ní àwọn èèyàn ti ń wò ó ní Èkó, ní Sáúdíà… obìnrin tó ṣubú nínú rẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ ká, tí gbogbo ayé ń fi rẹ́rìn-ín, ta ni? O ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o bi í léèrè? O ò bi í. Ó lè jẹ́ pé ilé lẹ́yìn wa níbí ló ń gbé, ó jókòó síbẹ̀ báyìí, kò lè jáde. Ojú èèyàn kì í ṣe ti ẹni tó ní fóònù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yà á o! Ẹ yà á! Ẹ kẹ̀yìn sí màlúù, kẹ́ ẹ ya èèyàn, inú mi á dùn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ bi olójú. Yọ ọ́ kúrò kó tó di àṣálẹ́, ṣé o gbọ́? Má wò mí bẹ́ẹ̀. Yọ ọ́.

Kí lo sọ, Ràṣídà? Bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò yẹn ṣì wà. Inú àpò aláwọ yìí ló wà. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, Ìyá Hàwáù ti lọ, ìyá mi ti lọ, ó ku èmi tí mo yà á.

Múfú, ibo lò ń nọrùn sí? Ìwọ náà fẹ́ rí i? Ọmọ mi, o dáa, mo fẹ́ràn rẹ, àmọ́ ọkùnrin ni ẹ́. Dìde. Bọ́ síta. Fa ilẹ̀kùn yẹn dé lẹ́yìn ara rẹ.

Ràṣídà, sún mọ́ mi. Nu ọwọ́ rẹ… Dúró ná. Fóònù rẹ̀ wà lórí ẹní níbẹ̀. Ṣé ó ṣì ń gbọ́? Gbogbo èyí tí mo ń sọ yìí, ó ṣì ń gbọ́ ọ? Pa á. Pa á ná, kí n tó ṣí àpò yìí.